Ọmọ Nàìjíríà Tí Yóò Gbẹnu Íjíbítì Sọ̀rọ̀

Ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ síbi àfarawé ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í gùn. Orúkọ orílẹ̀-èdè kan á wà níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ kan á wà níbẹ̀, ó parí. Ọmọ tó wà ní SS2 ní Kàdúná tàbí ní Kàlàbá lè ṣí i, kó sì rí i pé kì í ṣe Nàìjíríà ni wọ́n fún òun, kì í tún ṣe Gánà tí òun ti gbọ́ díẹ̀ nípa rẹ̀. Íjíbítì ni. Ọ̀rọ̀ tí yóò sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà ni ti dáàmù ńlá tí Etiópíà kọ́ sórí Odò Náílì. Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó mọ̀ nípa Íjíbítì kò ju Fáráò, Mósè àti Mohamed Salah lọ.

Irú ìpàdé yìí ni wọ́n ń pè ní Model United Nations, àwọn ọmọ sì gé e kúrú sí MUN. Kì í ṣe ohun àná. Kí wọ́n tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945 rárá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń fara wé ìpàdé League of Nations tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á jókòó sẹ́yìn pátákó tí wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè kan sí, á sọ̀rọ̀ bí aṣojú orílẹ̀-èdè náà, á wá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra kiri, wọ́n á jọ kọ ìpinnu, wọ́n á sì dìbò lé e. Lóde òní, yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ girama ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà. Ohun tí òbí sábà máa ń rí níbẹ̀ ni owó ìforúkọsílẹ̀, kóòtù àti táì, àti fọ́tò lórí fóònù. Iṣẹ́ gidi ti yẹ kó parí kí ọmọ tó wọ kóòtù yẹn. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń ra kóòtù kí ọmọ tó ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Kóòtù kì í dáhùn ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Íjíbítì rán an ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe èyí tí òun ìbá fẹ́ kí Íjíbítì rán. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á sọ̀rọ̀ dáadáa nípa àlàáfíà àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀, gbogbo yàrá á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ará Íjíbítì kankan tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí yóò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè òun ló ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpàdé MUN, òfin kò gba aṣojú láyè láti sọ pé "èmi". "Íjíbítì gbà pé" ni yóò máa sọ. Ó jọ àṣà ikọ̀ ọba láyé àtijọ́: ẹnu ikọ̀ ló ń là, ọ̀rọ̀ ẹni tó rán an ló ń jáde.

Inú ìgbìmọ̀ wo ni?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ dáhùn kò tíì kan Íjíbítì. Inú ìgbìmọ̀ wo ni wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ Àpéjọ Gbogbogbò, orílẹ̀-èdè 193 ló wà níbẹ̀, oníkálukú ní ìbò kan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìpinnu wọn, kò de ìjọba kankan lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ Ìgbìmọ̀ Ààbò, orílẹ̀-èdè 15 péré ni, márùn-ún nínú wọn, ìyẹn Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì lè fi ìbò kan ṣoṣo pa ìpinnu tí gbogbo àwọn yòókù fọwọ́ sí. Ọmọ tó bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí Àpéjọ Gbogbogbò "fi dandan mú" Etiópíà ti sọ ohun tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti ṣe. Alága á rí i, Etiópíà náà á sì rí i.

Nínú ọ̀rọ̀ Náílì, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pàápàá wà lára ìjà. Íjíbítì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Ààbò, ìgbìmọ̀ náà sì jókòó lé e ní oṣù Kẹfà 2020 àti ní oṣù Keje 2021. Etiópíà ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló yẹ kó wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Ìgbìmọ̀ Ààbò sọ pé kí Íjíbítì, Sùdáànù àti Etiópíà padà sídìí ìjíròrò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń darí. Wọ́n tún fi kún un pé ohun tí àwọn sọ kò gbọ́dọ̀ di àpẹẹrẹ fún ìjà odò mìíràn. Gbólóhùn kékeré yẹn yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní odò tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ ń fà mọ́ra lọ́wọ́, wọn kò sì fẹ́ kí Ìgbìmọ̀ Ààbò sọ ara rẹ̀ di adájọ́ omi. Ọmọ tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdí tí Íjíbítì kò fi lè retí kí gbogbo ayé tì í lẹ́yìn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó.

Omi tí kò pọ̀ tó

Lẹ́yìn èyí ni kó ṣí máàpù. Àwọn ará Íjíbítì ti lé ní 100 mílíọ̀nù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń gbé lórí ilẹ̀ tóóró tó bá odò náà lọ láti gúúsù dé òkun. Aṣálẹ̀ ni ìyókù. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Odò Náílì ló ń gbé èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi aláìníyọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Omi yìí kò sì pilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó ń dé Aswan ló ti orí òkè Etiópíà ṣàn wá. Bí ọmọ bá fi ojú ará Íjíbítì wo máàpù yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdí tí mínísítà wọn fi ń sọ níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò pé ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni kò ní ṣókùnkùn sí i mọ́.

Àwọn àdéhùn ló kàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò wọ́n nítorí pé wọ́n ti gbó, bẹ́ẹ̀ inú wọn gan-an ni ìjà náà wà. Ní 1902, Ọba Menelik Kejì ti Etiópíà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òun kò ní kọ́ ohunkóhun tí yóò dá omi Náílì Aláwọ̀ Búlúù, ti Adágún Tana tàbí ti odò Sobat dúró, àfi bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sùdáànù bá gbà. Íjíbítì máa ń tọ́ka sí èyí gan-an, nítorí pé kò sí òyìnbó tó ń ṣàkóso Etiópíà nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa. Etiópíà náà ní èsì tirẹ̀: pé ìwé tí wọ́n kọ lédè Àmárà àti èyí tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò bá ara wọn mu délẹ̀, àti pé kéèyàn lo omi yàtọ̀ sí kó dá a dúró.

Ní 1929, Íjíbítì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé síra wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣèlérí lórúkọ Sùdáànù àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé wọn kò ní ṣe iṣẹ́ kankan tí yóò dín omi Íjíbítì kù láìgba àṣẹ. Nígbà tí Tanganyika gba òmìnira, Julius Nyerere sọ ọ́ gbangba ní 1962 pé àdéhùn tí ọ̀gá àná ṣe lórí odò náà kò de àwọn. Ní 1959, Íjíbítì àti Sùdáànù, àwọn méjì péré, jókòó, wọ́n sì pín odò náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bílíọ̀nù 84 kúbíìkì mítà lọ́dún. Íjíbítì mú 55.5, Sùdáànù mú 18.5, wọ́n sì yọ 10 sílẹ̀ fún èyí tí oòrùn yóò fà gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ro ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá rí i pé ó pé 84 géérégé, tí kò ku ẹ̀kán kan fún Etiópíà tí omi ti ń wá, yóò mọ ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í.

Ṣé kí Íjíbítì wá sá fún ìbéèrè náà? Rárá. Ohun tí Íjíbítì ń sọ ni pé àdéhùn odò dà bí ààlà ilẹ̀: ìjọba lè yí padà, ọ̀gá lè lọ, ààlà kì í bá wọn lọ. Ó tún ń sọ pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti kọ́ ìgbésí ayé wọn, oko wọn àti ìlú wọn lé omi yẹn lórí, Etiópíà sì ní òjò tí Íjíbítì kò ní. Ọmọ náà lè má fara mọ́ ọn. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ bí ẹni tó fara mọ́ ọn.

Bí a ti ń mọ ohun tí orílẹ̀-èdè kan ní lọ́kàn

Ọ̀rọ̀ ẹnu yàtọ̀ sí ìbò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1997, Àpéjọ Gbogbogbò dìbò lórí àdéhùn tó ṣe òfin fún àwọn odò tó la orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá. Orílẹ̀-èdè 103 fọwọ́ sí i. Mẹ́ta péré ló kọ̀ ọ́: Ṣáínà, Tọ́kì àti Bùrúndì, tí gbogbo wọn wà lápá òkè odò kan tàbí òmíràn. Àwọn 27 kò ṣe ti ìhín, wọn kò ṣe ti ọ̀hún. Íjíbítì wà lára àwọn 27 yìí. Etiópíà náà wà lára wọn. Àwọn méjì tó ń bára wọn jà lórí odò kan jọ takété sí òfin kan náà, nítorí ìdí tó yàtọ̀ síra: Íjíbítì ń bẹ̀rù pé òfin tuntun lè ba àwọn àdéhùn rẹ̀ àtijọ́ jẹ́, Etiópíà sì ń bẹ̀rù pé òfin tuntun lè fìdí wọn múlẹ̀. Ìbò kan bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ju ogún ọ̀rọ̀ àsọyé lọ. Bí ọmọ tó ń ṣojú Íjíbítì bá dìde tó ní kí gbogbo ayé tẹ̀ lé àdéhùn 1997, tí ẹnì kan sì bi í pé kí ló dé tí Íjíbítì fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ilẹ̀ á gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ariwo tún yàtọ̀ sí ìdúró ìjọba. Ní oṣù Kẹfà 2013, Ààrẹ Mohamed Morsi pe àwọn olóṣèlú Íjíbítì jọ lórí ọ̀rọ̀ dáàmù náà. Àwọn kan nínú wọn dá a lábàá pé kí wọ́n ba dáàmù náà jẹ́ tàbí kí wọ́n ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ lẹ́yìn ní Etiópíà, láìmọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ń gbé ìpàdé náà jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dùn ún tọ́ka sí. Kì í ṣe ìdúró Íjíbítì. Ibi tí ìdúró wà ni lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọ, ọ̀rọ̀ tí mínísítà sọ ní ìpàdé, àti ìwé tí ààrẹ fọwọ́ sí. Ní oṣù Kẹta 2015, ààrẹ Íjíbítì, ààrẹ Sùdáànù àti olórí ìjọba Etiópíà jọ fọwọ́ sí ìwé ìlànà kan ní Khartoum. Íjíbítì tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé dáàmù náà yóò wà. Láti ìgbà náà, kì í ṣe pé kí wọ́n wó o ni Íjíbítì ń béèrè. Ó ń béèrè àdéhùn tó lágbára òfin lórí bí wọn yóò ṣe máa kún un àti bí wọn yóò ṣe máa lò ó, ní pàtàkì iye omi tí wọn yóò tú sílẹ̀ nígbà tí ọ̀dá bá gùn, àti ẹni tí yóò là wọ́n bí ìjà bá dé. Etiópíà kò fẹ́ ohun tí yóò so ó mọ́ ìpín 1959 títí láé.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ ohun tí à ń kà náà ṣe pàtàkì. Etiópíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2011, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kún dáàmù náà ní oṣù Keje 2020, ó sì ṣí i ní gbangba ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2025. Àdéhùn àwọn ará òkè odò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Entebbe ní 2010, tí Íjíbítì àti Sùdáànù kọ̀, di òfin láàárín àwọn tó gbà á ní oṣù Kẹwàá 2024. Ọmọ tó bá ń ka àpilẹ̀kọ 2019, tó wá dìde pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, ti pẹ́ dé.

Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá

Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú fáìlì ẹni tó ń ṣojú Íjíbítì, ó yẹ kí ìdajì jẹ́ ti Etiópíà. Kì í ṣe àánú ló fà á. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ lẹ́nu alátakò rẹ̀ kò lè dáhùn nígbà tó bá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Etiópíà sì lágbára. Àwọn ará ìlú wà lára àwọn tó dáwó kọ́ dáàmù yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba, àgbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n ra ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Ó lè gba omi tó tó bílíọ̀nù 74 kúbíìkì mítà, wọ́n sì ṣe é láti pèsè iná tó ju 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ fún orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn rẹ̀ kò ní iná rárá. Kò sí ìdílé Nàìjíríà tí a óò ṣàlàyé ohun tí àìsí iná jẹ́ fún. Wọ́n tún máa ń sọ pé dáàmù iná kì í mu omi: omi á gba inú ẹ̀rọ kọjá, á yí i, á sì máa bá tirẹ̀ lọ sí Sùdáànù. Èyí gan-an ni ọmọ tó ń ṣojú Íjíbítì gbọ́dọ̀ ti ní èsì sí kó tó kúrò nílé. Èsì náà ni pé ní ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún ọ̀dá, nígbà tí omi inú dáàmù bá lọ sílẹ̀, tí Etiópíà sì fẹ́ kún un padà, ta ni yóò kọ́kọ́ mu?

Sùdáànù wà láàárín. Àkúnya omi tó máa ń bà á jẹ́ lè dínkù, ṣùgbọ́n dáàmù Roseires tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, kò sì jìnnà. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láìsọ fún un, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Òun ni ọ̀rẹ́ tí Íjíbítì yóò wá nínú yàrá náà, ó sì ní owó tirẹ̀ tí yóò béèrè.

Àwa náà wà nísàlẹ̀ odò

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn olùdarí ìpàdé, tó sì yẹ kí ọmọ Nàìjíríà rí. Nàìjíríà kò sí lórí Odò Náílì, ṣùgbọ́n irú ibi tí Íjíbítì wà lórí Náílì ni Nàìjíríà wà lórí Odò Ọya. Láti Guinea ni odò náà ti ń bọ̀, ó gba Mali, ó gba Niger kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, dáàmù Kainji tó ń fún wa ní iná láti òpin àwọn ọdún 1960 sì ń dúró de omi tí àwọn yẹn bá jẹ́ kó dé. Niger ń kọ́ dáàmù tirẹ̀ lọ́wọ́ ní Kandadji. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí omi odò yìí kàn ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Niamey, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bára wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí odò Benue, ìṣòro wa yí padà: kì í ṣe pé omi kò dé, bí kò ṣe pé ó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kamẹrúùnù ti kọ́ dáàmù Lagdo parí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àkúnya omi 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 pa àwọn tó ju 600 lọ. Òjò wa náà kó ipa tirẹ̀, àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ní Lagdo fẹ́ tú omi sílẹ̀, àwọn ará Yola, Makurdi àti Lokoja kì í sùn dáadáa. Màmá tó pàdánù ìsọ̀ rẹ̀ sí omi ní Lokoja lè má tíì gbọ́ nípa àdéhùn 1959 rí, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún ọmọ rẹ̀, ju ìwé kankan lọ, ohun tó túmọ̀ sí pé kí ọwọ́ ẹlòmíì wà lórí ilẹ̀kùn omi ẹni. Ní 2010 ni Nàìjíríà wọ inú àdéhùn 1997 yẹn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò mọ ohun tó ń wá.

Dátà, ilé ìkàwé àti irọ́ tó ń dán

Níbo ni ọmọ yóò ti rí gbogbo èyí? Kó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn olùdarí ìpàdé fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má parí síbẹ̀, nítorí gbogbo àwọn yòókù náà ló ní in. Wikipedia dára láti fi wọlé; kò dára láti fi gbélé. Àwọn ìwé tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé. Àkójọ ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, UN Digital Library, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìpinnu wà níbẹ̀, bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti dìbò wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí olórí wọn sọ ní New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún. Ẹni tó bá ń gbé ní Èkó tún ní ilé ìkàwé Nigerian Institute of International Affairs ní Victoria Island. Ní ti owó dátà, àwọn ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà lè pín in: ẹnì kan á wa ìwé náà jáde, á sì fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn yòókù láìná dátà.

Èyí tó yẹ kí òbí fojú sí jù ni àwọn ẹ̀rọ bíi ChatGPT tó ń dáhùn ìbéèrè. Wọ́n lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le, ìyẹn dára. Àmọ́ wọ́n máa ń hun nǹkan: nọ́ńbà ìpinnu tí kò sí, ọ̀rọ̀ tí mínísítà kò sọ rí, àdéhùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Òfin tó rọrùn wà fún èyí: ohunkóhun tí ọmọ kò bá lè fi ìka tọ́ka sí nínú ìwé gidi, kó má wọ inú fáìlì. Bí òbí kò bá tilẹ̀ ka ìwé púpọ̀, ó lè bi í pé, "Níbo lo ti rí ìyẹn?" Kó sì dúró de èsì.

Nígbà tó bá tó àkókò láti kọ ọ́, ojú ìwé kan tàbí méjì ni ohun tí wọ́n ń pè ní position paper. Ìtàn kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ohun tí Íjíbítì ti ṣe àti ohun tó ti sọ ló tẹ̀ lé e. Àbá ló yẹ kó gba àyè tó kù, àbá tí Íjíbítì gidi lè fọwọ́ sí: kí wọ́n máa fi iye omi dáàmù ránṣẹ́ síra wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò máa pè ní ọ̀dá, kí iye omi tí wọn yóò tú sílẹ̀ nígbà náà wà nínú ìwé, kí àwọn onímọ̀ tí kò ti ẹ̀gbẹ́ kankan wá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tún kọ ohun kan sí ẹ̀yìn ìwé tí kò ní fi han ẹnikẹ́ni: èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni Íjíbítì lè jọ̀wọ́ rẹ̀, èwo ni kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀ láé?

Àwọn ọmọ kan máa ń dé ibì kan nínú ìwádìí tí inú wọn á bàjẹ́. Wọ́n á wá sọ fún bàbá tàbí màmá pé, "Mi ò rò pé Íjíbítì jàre." Òbí lè fẹ́ sọ pé eré lásán ni, kó má dà á láàmú. Ó sàn kó jẹ́ kó sọ ìdí rẹ̀ tán. Ọmọ tó bá lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Íjíbítì ti mẹ́hẹ, tó sì tún lè dìde lọ́la kó gbè é sọ láìparọ́ kan, ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í lè ṣe nípa aládùúgbò tí àwọn àti ẹ̀ ń jà sí ààlà ilẹ̀. Kò sì sí òfin tó ní kó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Òfin tó wà ni pé kó má bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, kó má da fáìlì náà nù. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n lè fún un ní Sùdáànù, tàbí kí wọ́n fún un ní Etiópíà gan-an. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú ìwé tó kọ "Ohun tí Etiópíà yóò sọ" sí lórí ni yóò fà jáde, yóò gbé e síwájú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀.